Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Asín kì í gbẹ́ ihò tó tó ti òkété, bí òkété bá sì ní dandan ni kóun sùn sínú ihò asín, ìdí àti ìrù rẹ̀ á wà níta mọ́jú. Ohun tí mo bá nínú laptop ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Sátidé kan ló gbé e wá. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, ojú rẹ̀ ò ju ínǹṣì mọ́kànlá lọ, ó fúyẹ́ débi pé ìka méjì tó o gbé. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó, àfi bíi pé wọ́n sà sí i." Ó tẹ̀ ẹ́, ó tàn, a jókòó tì í. Mo dìde, mo gbé omi kaná, mo po ògì, mo mu ún dé ìdajì, àmì roboto tó ń pòyì lójú ẹ̀rọ náà ò tíì dúró.

Ó ti kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún ò tíì wo nǹkan kan tó fi ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó gbowó, ó fọ gbogbo inú rẹ̀ nù, ó gbé Windows tuntun sí i. Ó yá fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ló bá tún padà sí ẹsẹ̀ àárọ̀. Fáírọ́ọ̀sì wà lóòótọ́, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń pe gbogbo àìsàn kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń pe gbogbo ara gbígbóná ní ibà.

Mo bi í pé èló ló rà á. Ó dárúkọ iye owó, ó ní tuntun ni, inú páálí lòun ti yọ ọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Èyí tí owó ò pa, ẹ jẹ́ ká ṣí ìkòkò rẹ̀ wò.

Processor ni ká kọ́kọ́ bọ́ sí, nítorí òun ni gbogbo èèyàn ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ti ọmọ yìí, Celeron N4020 ni, èyí tí Intel gbé jáde ní 2019. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, lóòótọ́ ọwọ́ méjì lèyí ní, ìyẹn core méjì, àmọ́ ọwọ́ ọmọdé ni méjèèjì. Wátì 6 ni wọ́n wọ̀n fún un, bíi iná tí gílóòbù LED kékeré kan ń jẹ. Èyí tó wà nínú laptop ńlá tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ń lò máa ń gba 45. Ẹni tó ṣe N4020 ò ṣàṣìṣe o. Ohun tó fẹ́ ni ẹ̀rọ tí kò ní gbóná, tí kò ní nílò fáànù, tí bátìrì kékeré á sì gbé di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó rí gbogbo rẹ̀ gbà. Agbára ló fi san owó rẹ̀. Bí òǹtajà bá wá ń kígbe pé "2.8GHz ni o!", òótọ́ ló sọ, kò kàn sọ ọ́ tán ni. 1.1GHz ni ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, 2.8 yẹn, eré àsápajúdé fún ìgbà díẹ̀ ni, ara rẹ̀ á gbóná, á sì tún padà sí ìrìn. Ẹni tó sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu géètì ò tíì sọ pé òun lè sáré dé Ìbàdàn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá fi ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo di processor lórí, a ti dájọ́ èké. Mo ní kí ọmọ náà di Ctrl àti Shift mú, kó wá tẹ Esc. Task Manager ṣí. Bí ẹ ò bá mú nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú bọ́tìnnì mẹ́ta yìí, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀ gan-an, kì í ṣe nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Ohun tí a rí rèé, nínú ọgọ́rùn-ún: CPU, 38. Memory, 94. Disk, 100. Processor tí a ń bú ò ṣe tó ìdajì agbára rẹ̀. Àtẹ ló kún.

Ẹ wo ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Orí àtẹ iwájú rẹ̀ ni aṣọ tí àwọn oníbàárà ń yẹ̀ wò wà, ọwọ́ rẹ̀ ń tó o lójú ẹsẹ̀. Ìyókù ọjà wà ní sítọ́ọ̀ lẹ́yìn. RAM, tí Task Manager ń pè ní Memory, ni àtẹ; ibi ìpamọ́, tó ń pè ní Disk, ni sítọ́ọ̀. Bí àtẹ bá gbòòrò, ọjà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí àtẹ bá kéré, tí oníbàárà mẹ́wàá sì rọ̀gbà yí i ká, ẹni kan ń béèrè àǹkárá, ẹnì kejì ń béèrè léèsì, á di kó máa ká èyí tó wà nílẹ̀, kó fi rán ọmọ ọ̀dọ̀ lọ sẹ́yìn, kí ọmọ náà gbé òmíràn bọ̀. Kò tíì nà án tán tí oníbàárà àkọ́kọ́ tún ní òun fẹ́ rí àǹkárá ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ tún sáré. Títí dọ̀sán, ìyá aláṣọ ò tajà, ọmọ ò sinmi, gbé-e-lọ gbé-e-bọ̀ ló gba gbogbo ọjọ́. Ohun tí 100 abẹ́ Disk yẹn ń wí nìyẹn. Inú fáìlì kan tó ń jẹ́ pagefile.sys ni Windows ń kó ohun tí àtẹ ò gbà sí, ìgbà gbogbo tí ẹ bá sì fo láti ojú-ewé kan sí òmíràn ni ọmọ ọ̀dọ̀ ń sáré.

4GB ni RAM ọmọ yìí. Microsoft fúnra wọn ní ó kéré tán, 4GB ni Windows 11 fẹ́, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ohun tí ẹ̀rọ fi ń dìde dúró ni wọ́n ń wí, wọn ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kí ọmọ náà tó ṣí ohunkóhun, Windows nìkan ti jókòó lé bí ìdajì àtẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Chrome ló wá débẹ̀ tẹ̀lé e. Chrome kì í kó gbogbo ojú-ewé sínú agbada kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìkòkò tirẹ̀ ló ń gbé kaná fún ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má bàa dà sórí èkejì. Ọgbọ́n gidi ni, RAM ló ń jẹ. Mo ní, "Mélòó lo ṣí?" Ó ní, "Kò pọ̀ o, Àǹtí." A kà á. Mẹ́tàlélógún.

A kì í ru ẹran erin lórí, ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Òwe yìí ni mo pa fún un nígbà tí a dé ibi tí Task Manager kọ Startup sí. Níbẹ̀ ni orúkọ àwọn ètò tó ń dìde fúnra wọn ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá jí máa ń wà: Teams tí kò lò rí, Spotify, ètò kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọn ò ní nílé, àti méjì mìíràn tí wọ́n ní àwọn ń "mú kọ̀ǹpútà yára". A tẹ Disable fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn méjì ìkẹyìn yẹn, a yọ wọ́n kúrò pátápátá. Kò sí ohun tí ẹ ń gbé sórí ẹlẹ́rù tó ń sọ ẹrù rẹ̀ di fífúyẹ́. Bákan náà ni ti ajẹ́fáírọ́ọ̀sì, Defender tó bá Windows wá tó fún irú ẹ̀rọ báyìí. Bí ẹ bá gbé òmíràn wá, Defender á yẹra fún un, ẹrù lẹ kàn fi kún ti ẹ̀rọ.

Ibi ìpamọ́ ló ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn laptop olówó pọ́ọ́kú yìí. eMMC oní-64GB ló wà nínú ti ọmọ yìí, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú fóònù. SSD gidi, irú ibi ìpamọ́ mìíràn tó yára, fi í sílẹ̀ jìnnà. Wọ́n sì jó o mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ ni, ẹnikẹ́ni ò lè yọ ọ́ pààrọ̀. Windows àti àwọn àtúnṣe rẹ̀ ti gba bí ìdajì, fíìmù Yorùbá mẹ́fà àti fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìyókù. 3GB péré ló ṣẹ́ kù. Bí àtúnṣe Windows bá wá dé, kò ríbi fẹsẹ̀ sí, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa kùnà, á tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ láìsí iṣẹ́ kan tí ẹ gbé fún un. A kó fíìmù sórí flash. A fi Storage Sense tó wà nínú Windows gbá pàǹtírí tó kù.

Bí laptop tiyín bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ní hard disk ayíbírí nínú, ẹ̀yin ní oríire tí ọmọ yìí ò ní. Abẹ́rẹ́ tó ń rìn káàkiri lórí àwo tó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń dá yín dúró. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀. Nínú gbogbo owó tí mo ti ná sórí kọ̀ǹpútà, mi ò rí èyí tó tà mí lọ́rẹ tó bẹ́ẹ̀. Ti RAM náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣeé fi kún. Nínú Task Manager kan náà, lábẹ́ Performance, ẹ tẹ Memory, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Form factor sí. Bí ẹ bá rí SODIMM, àyè wà láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Row of chips", wọ́n ti jó o mọ́ ọn, ẹ má fowó yín fún ẹni tó bá ní òun á bá yín fi kún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ń lọ sí Computer Village n'Íkẹjà pé kó má jẹ́ kí páálí tàn án. Tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lókè òkun, ThinkPad tàbí Latitude tó ní Core i5, 8GB àti SSD, dára ju tuntun mìíràn tó ń dán bí ojú dígí lọ, bó tilẹ̀ nípọn díẹ̀, tí bátìrì rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ processor délẹ̀délẹ̀, kì í ṣe "Intel ni". Ẹ béèrè bóyá SSD ni tàbí eMMC. Bí òǹtajà bá fèsì pé "ohun kan náà ni", ẹ kí i, kí ẹ máa lọ sí ìsọ̀ kejì.

Ooru ńkọ́? Ẹ̀rọ tí kò ní fáànù, ìdí rẹ̀ ló fi ń mí. Bí ẹ bá gbé e lé orí tìmùtìmù, á dín eré rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Èyí tó ní fáànù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ eruku inú rẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́. Ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ náà lè fa ọ̀rọ̀. Àwọn laptop kan wà tí wọn kì í sáré bó ṣe yẹ bí wọn ò bá dá ṣájà mọ̀. Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹjọ́ ò kan laptop rárá. Bí CPU, Memory àti Disk bá wà nílẹ̀ nílẹ̀, tí ojú-ewé ò sì ṣí, ẹ fi fóònù yín wò ó lórí Wi-Fi kan náà. Bí kò bá ṣí níbẹ̀ náà, dátà yín ló ń wọ́lẹ̀.

Àwọn kan máa béèrè bóyá kí wọ́n yọ Windows kúrò. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ní 2007 tí ilé iṣẹ́ Asus ti Taiwan gbé Eee PC jáde, ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì méje, RAM rẹ̀ 512MB, ibi ìpamọ́ rẹ̀ 4GB. Fóònù tí ọmọdé fi ń ṣeré lónìí jù ú lọ fíìfíì, síbẹ̀ wọ́n rà á wìtìwìtì, nítorí Linux tó fúyẹ́ ni wọ́n gbé sórí rẹ̀, ẹrù bá ọrùn mu. Ìgbà tí a ní dandan ni ká rí Windows lórí ẹ̀rọ kékeré ni okùn bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Irú Linux bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́: Lubuntu, tàbí Linux Mint oní-Xfce. Ó tilẹ̀ wúlò sí i fún ẹ̀rọ àtijọ́ tí Windows 11 kọ̀, nígbà tí Microsoft ti pa ìwé Windows 10 dé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, tó jẹ́ pé kìkì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ló ń rí àtúnṣe ààbò gbà. Àmọ́ ẹ fi flash dán an wò kí ẹ tó fọ nǹkan kan nù, kí ẹ sì rí i pé ohun tí ẹ fi ń jẹun ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò lè lọ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣírò nínú iṣẹ́ rẹ̀, Windows nìkan ló mọ̀.

A pa ẹ̀rọ náà, a tún un tàn. Ògì mi ò tíì tutù tán tó fi ṣí. Ojú-ewé mẹ́tàlélógún di mẹ́rin: iṣẹ́ rẹ̀, ìwé méjì tó ń wò, àti ọ̀kan tó ń kọrin.

Mo ní, "Èyí tó ń kọrin ńkọ́?"

"Àǹtí, mi ò lè kàwé láìsí orin o."

"Fóònù rẹ dà?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó fa fóònù yọ nínú báàgì, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ife ògì mi. Memory wálẹ̀ sí 71.