Bí Ìpín Oko Ṣe Ń Kéré

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ wo abiyamọ kan tí owó oṣù rẹ̀ kúrò ní 60,000 náírà tó di 120,000. Kò ní torí ìyẹn ro àmàlà ìkòkò méjì. Ẹja inú ọbẹ̀ lè tóbi sí i, ẹyin lè wọlé láàárọ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ télọ̀ àti ilé ìwé ọmọ ni owó yòókù ń gbà lọ. Ikùn ní ìwọ̀n. Ernst Engel, ará Jámánì, ti rí i ní 1857 pé bí owó ìdílé bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìpín oúnjẹ nínú ìnáwó wọn ń dín kù. Bó ṣe ń rí fún orílẹ̀-èdè náà nìyẹn. Bí ará ìlú bá ń lówó lọ́wọ́, ìpín àgbẹ̀ nínú ọrọ̀ ilẹ̀ á máa kéré, kò sì burú.

Tiwa ló ń dùn mí. Nígbà òmìnira ní 1960, ohun tó lé ní ìdajì ọrọ̀ Nàìjíríà ló ń ti oko wá. Lónìí, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ṣé a ti yó ni? Rárá o. Ní 2019, nínú gbogbo 100 náírà tí ìdílé wa ná, ó lé ní 56 tó bá oúnjẹ lọ. Epo rọ̀bì ló dé, àwọn ọ̀dọ́ wá gba ìgboro lọ, owó pọ́ọ́kú sì ni ìjọba ìgbà náà fi ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Kòkó wa tó nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù ní 1970. Ní 1980 ó ti já sí bí ìdajì.

Mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé oko kòkó wọn lẹ́bàá Ìdànrè. Igi tí bàbá wọn gbìn náà ló ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fi àdá la èso kan. Inú rẹ̀ ti rà, ó dúdú bí èédú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé ìwé ẹ̀yin ọmọ ló gba owó oògùn rẹ̀." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rán ọmọ níléèwé, ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ta kòkó, ẹ kọ́kọ́ yọ owó oko sọ́tọ̀, kí ẹ tó fi ìyókù ránṣẹ́ sí ìgboro. Ẹ má gé igi ogbó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan lọ́dún kan tó. Ẹ wá irúgbìn tó tètè ń so lọ́dọ̀ CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Íbàdàn. Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀, kó máa ṣíji bo kòkó kékeré, kó sì máa pa owó wọlé títí kòkó á fi so. Ọmọ tó sì wà nígboro, kò pọn dandan kó padà wá gbé àdá; bí ẹ bá ní oko gbágùúdá pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kó bá yín wá ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá, kí ẹ má máa tà á ní tútù lóko.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gé apá kan báyìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ti ga dé èjìká mi.