Àròkọ Alálàyé: Bí A Ṣe Ń Fi Ìbọn Pamọ́ Sínú Ilé

Nínú àròkọ alálàyé, bí a ti ń ṣe nǹkan àti ìdí rẹ̀ ni ẹni tí yóò máàkì ìwé rẹ ń wá. Má ṣe fi odindi ojú ìwé ki ọdẹ. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi ọ́. Ka àpẹẹrẹ yìí:

‘Lábẹ́ òfin ọdún 1959, ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìbọn ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́ kàn. Àwọn ọdẹ mìíràn a máa gbé ìbọn kọ́ ògiri, tàbí kí wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o. Àpótí irin tí ó nípọn ni ó yẹ é. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé pinpin, kí olè má baà rí àlàfo ti ọ̀pá irin bọ̀. Ṣùgbọ́n bí àpótí náà ti wù kí ó lágbára tó, bí a kò bá fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù tàbí ilẹ̀ kọnkéré, olè méjì lè gbé e lọ tàpótí-tìbọn. Kí a tó ti ìbọn mọ́ ibẹ̀, a ó yọ ọta inú rẹ̀. Ẹtù kò gbọdọ̀ bá a wọ àpótí irin, nítorí bí iná bá ràn án níbi tí ó há, yóò bú bíi bọ́ǹbù. Àpótí pákó tí a tì, tí ó jìnnà sí ààrò, ni tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ara ẹni tí ó ni ìwé àṣẹ ni kí ó máa gbé, kì í ṣe orí àtẹ́rígbà tí gbogbo ọmọ ilé ti mọ̀.’

Ṣàkíyèsí ‘nítorí’ àti ‘kí olè má baà’: àwọn ni ó gbé ìdí jáde. Ìbéèrè ‘Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?’ dùn, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ti tó. Ó kù sí ọ lọ́wọ́: kọ ìpínrọ̀ tí ó kàn, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìbọn inú àpótí ní àkókò òjò kí irin rẹ̀ má baà dógùn-ún.