Ìpè Ọlọ́run àti yàrá àlejò

Ìbéèrè: Blackley ní Manchester ni mò ń gbé. Ó dá mi lójú pé Ọlọ́run fẹ́ kí n gba àwọn tí ìjọba kọ̀ ní ìwé ìsádi sílé, ṣùgbọ́n ọkọ mi kò fẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ilé ẹ̀yin méjèèjì ni, ìyá wa, ẹ má fi ìpè dá ìjà sílẹ̀. Láti ọdún 2004 ni Boaz Trust, ẹgbẹ́ Kristẹni kan ní Manchester, ti ń wá ibùgbé fún irú wọn. Ẹ kàn sí ẹgbẹ́ náà kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá háyà ilé ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé. Ẹ má sì gba àlejò bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ o: òfin kò gbà á láyè láti ṣiṣẹ́. Bí ọkọ yín kò bá tíì gbà, fífún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní owó ọkọ̀ àti ìrẹsì ńkọ́? Kò ní bínú sí ìyẹn.