Bí Odó Bá Ń Dún Lórí Àjà Rẹ

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà lóru nítorí àwọn ará òkè. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń gún iyán lókè kò mọ̀ pé orí rẹ ni odó ń dún sí; ohun tó rò ni pé o ń bá òun jà.

Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo gbé ní Pedro nílùú Èkó, ọ̀sán Sátidé ni mo lọ bá ará òkè mi. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kí n tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ odó. Àpò ìrẹsì òfìfo méjì wà lọ́wọ́ mi. A ká wọn, a fi tẹ́ ìdí odó náà. Ariwo kò tán pátápátá, àmọ́ mo ń rí oorun sùn.

Ti jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀ o. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun, nítorí náà má dúró de Sátidé kankan.

Bí àwọn ará òkè kò bá gbọ́, sọ fún bàbá onílé. Lẹ́yìn ìyẹn, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 ń parí ìjà aládùúgbò láìgba kọ́bọ̀. LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó àyíká, náà wà: ìwọ̀n ariwo tí wọ́n fàyè gbà ládùúgbò ibùgbé jẹ́ dẹ̀síbẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lóru.

Ṣùgbọ́n gòkè lọ kí wọn ná.