Kí Ló Ń Kán Lábẹ́ Mọ́tò Yẹn?

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí mọ́tò tí à ń háyà lọ sí Bódè Sáádù, Jẹ́bà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn kan á ní, “Ọ̀rọ̀ mọ́tò, ti dẹ́rẹ́bà ni.” Ṣùgbọ́n ẹrù wa ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀mí wa náà ló wà níbẹ̀. Tòmátì kì í sì í dúró de mẹkáníìkì.

Bí mọ́tò bá máa sùn lọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ ká tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà. Láàárọ̀, ká wo ohun tó kán sí i. Ní gáréèjì, abàwọ́n gbígbẹ lè jẹ́ ti mọ́tò míì. Èyí tó ṣì tutù ni ká wò.

1. Omi lásán: ó lè jẹ́ omi ẹ́sì, ìyẹn ò léwu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti rédíétọ̀, tàbí tí omi náà ní àwọ̀ ewéko, ẹ́ńjìnnì á gbóná lọ́nà. Kí dẹ́rẹ́bà yẹ rédíétọ̀ wò nígbà tó tutù. Kó má ṣí i nígbà tó gbóná o, omi gbígbóná á tú sí i lójú.

2. Ọ́ìlì dúdú, bí òróró tí a ti fi dín àkàrà títí: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Kó wọn ún, kó bu sí i, kó sì tètè rí mẹkáníìkì. Tó bá ń ṣàn, ẹ má gbéra; ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì.

3. Ọ́ìlì pupa: ti gíà tàbí ti ìdarí ọkọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Mẹkáníìkì ni kó wò ó.

4. Ọ́ìlì tó mọ́, tó dà bí òróró tuntun, nítòsí táyà: ó lè jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì. Ẹ má wọ̀ ọ́! Kí dẹ́rẹ́bà má sọ pé òun á bu sí i. Mọ́tò tó kún fún iṣu, tí kò ní bíréèkì, kò ṣeé dá dúró.

5. Òórùn pẹtiróòlù: ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, kó má mu sìgá níbẹ̀.

Ká fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń kán lábẹ́ mọ́tò yín?” Tí wọ́n bá bínú, ká wá òmíràn. Kódà ká ti sanwó, owó ò tó ẹ̀mí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọlọ́hun á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.