Ẹ Sọ Ìfẹ́ Yín Nígbà Tí Ohùn Ṣì Wà

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ẹdẹ, ẹni tó ṣètò de ikú kò pe ikú sórí ara rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Sẹ́nétọ̀ Isiaka Adeleke, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ọ̀ṣun, jáde láyé lójijì, lẹ́ni ọdún 62. Ikú kì í dájọ́ fúnni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kò ṣètò: Suberu Dawodu kú ní Èkó lọ́dún 1940 láìkọ ìwé ìhágún. Ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi (ìpín ọgbọọgba fún ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan) ni wọn yóò fi pín ogún, àbí orí-ò-jorí (ìpín ọgbọọgba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan)? Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1962 ló tó parí, ìdí-igi ló sì borí.

Nítorí náà, ẹ kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara le. Ẹ buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ẹ má fi ẹni tí ẹ fún ní nǹkan ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹ̀bùn rẹ̀ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, wàsíyà, ìyẹn ìhágún yín, kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, kì í sì í ṣe fún ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún.

Ẹ yan ẹni tí yóò bá dókítà sọ̀rọ̀ bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ sọ bóyá ilé tàbí ọsibítù ni ẹ fẹ́ kí a ti tọ́jú yín. Ẹ fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà han ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jókòó ti àwọn òbí yín náà, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́.