Nígbà tí Ọ̀dọ́ Inú Ilé Bá Ní Àtọ̀gbẹ

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àìsàn tí a sábà máa ń rò pé ti àgbàlagbà nìkan ni. Àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ní oríṣi kan tí ó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́. Kì í ṣe ṣúgà àjẹjù ni ó fà á, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ba ibi tí ínsúlínì ti ń wá jẹ́. Láìsí ínsúlínì, ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, ebi yóò sì máa pa ara. Ọmọ á máa mu omi ṣáá, á máa tọ̀ léraléra, á sì máa rù.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a gún lábẹ́rẹ́ ínsúlínì, ọ̀dọ́ ni òun náà: Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní Toronto ní Kánádà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922. Kí ó tó di ìgbà náà, ikú ni òpin àìsàn yìí. Nítorí náà, àgbo tàbí àwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ipò abẹ́rẹ́. A ń gbàdúrà fún ọmọ, a sì ń fún un lábẹ́rẹ́. Bí ara rẹ̀ kò bá yá tí kò lè jẹun pàápàá, ẹ má dá a dúró. Ẹ kàn sí dókítà. Bí ó bá ń bì, tí ó ń mí kíkankíkan, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà ìbàlágà ni wàhálà ń pọ̀ sí i. Ìdàgbàsókè ara kì í jẹ́ kí ínsúlínì ṣiṣẹ́ tó bí ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ṣúgà lè ga láìjẹ́ pé ọmọ ṣe àìdáa. Ṣùgbọ́n kí ni àwa ìyá máa ń kọ́kọ́ sọ? "Kí lo tún jẹ?" Láìpẹ́ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà irọ́ sínú ìwé. Ó sàn kí a bi í pé, "Kí la máa ṣe sí i báyìí?" Kí a má já abẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a má sì di gbogbo ẹrù lé e lórí. Kí ó máa gún ara rẹ̀, kí àgbà kan wà nítòsí.

Ẹ̀rọ kan wà tí a ń lẹ̀ mọ́ apá. Òmíràn ń lò tó ọjọ́ 14. Ó ń fi ṣúgà hàn lórí fóònù, ó sì lè ké bí ó bá lọ sílẹ̀ jù. Ìyá tó wà lọ́jà lè rí nọ́ńbà ọmọ tó wà níléèwé, bí ọmọ bá gbà bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré o. Alámù fóònù lásán tí ń ránni létí àkókò abẹ́rẹ́, àti ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ orí ìka, ń ṣe iṣẹ́ gidi.

Gbogbo ará ilé, títí kan ìyá àgbà, gbọ́dọ̀ mọ èyí: bí ọmọ bá ń gbọ̀n, tí ó ń làágùn, tí nọ́ńbà kò tó 70 (3.9 lórí irú ẹ̀rọ kejì), ẹ fún un ní hóró ṣúgà onígun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Yàtọ̀ sí ìyá, ta ni nínú ilé yín tí ó mọ bí a ti ń wọn ṣúgà ọmọ? Bí ọmọ náà bá lọ sí àgọ́ ọ̀dọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ ta ni ínsúlínì rẹ̀ yóò wà?